Ẹnu Mi Ni Wọ́n Fẹ́ Rà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Òkòkómáíkò rò pé inú kíláàsì ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ni wọ́n ń pè mí, wọn kò mọ̀ pé kí n tó di tíṣà, ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ọ̀tún wo òsì báyìí, tí ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ tí ẹ ó mú, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí fún. N kò ní í sọ fún yín pé iṣẹ́ báyìí dára, iṣẹ́ tọ̀hún kò dára. Ohun tí ojú mi rí ni n ó tò sílẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sì tètè sọ èyí: onífura ènìyàn ni mí. Àwọn ọmọ mi ní ó ti pọ̀ jù, pé bí ẹnìkan bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, n ó bi í léèrè ohun tó ń wá. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n a kò bí i mọ́ mi, iṣẹ́ ló kọ́ mi.

Ìbà ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi tó ń hun ẹní. Mo ka ìwé módà, èyí tí wọ́n ń kà lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, mo kọ́ ìtẹ̀wé, mo sì gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pé Lọ́yà Ajíbádé ń wá akọ̀wé ní Ọ̀jọ́. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó dé. Ìyẹn náà tó.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan létí títì Àgbádárìgì ni ọ́fíìsì wa wà. Ọmọ Èkìtì ni Lọ́yà, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, kọ́ọ̀tù ló sì ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ń darí ọ́fíìsì gan-an ni akọ̀wé àgbà wa, ọmọ Abẹ́òkúta tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Akọ̀wé. Ó ti ń bá àwọn lọ́yà ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ó sì mú iṣẹ́ ọ́fíìsì bí ẹni mú iṣẹ́ pẹpẹ.

Mo rò pé ọjọ́ tí mo bá dé ni n ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Bàbá Akọ̀wé gbé búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan tó ti gbó fún mi, ó bu kẹrosíìnì díẹ̀ sínú agolo, ó ní kí n máa fọ àwọn lẹ́tà inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Odindi ọ̀sẹ̀ kọjá, n kò tíì tẹ ohunkóhun. Nígbà tó wá gbà mí láyè, ó da aṣọ bo ọwọ́ mi kí n má baà máa wo ibi tí mò ń tẹ̀. Bí àṣìṣe kan bá sì wọ inú ìwé ilẹ̀, a kì í fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní àwọn ọ́fíìsì mìíràn. Gbogbo ojú ìwé náà ni n ó tún tẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà tó wà lábẹ́ kábọ́ọ̀nù.

"Ìwé ilẹ̀ kì í ní àpá," ni Bàbá Akọ̀wé máa ń wí. "Àpá òní, ẹjọ́ ọ̀la ni."

Ẹkún ni mo máa ń sun lọ sílé. Mo fura sí i pé ó fẹ́ kí iṣẹ́ náà sú mi, kí ó lè mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá rọ́pò mi. Mo wádìí, kò ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kankan tó ń wá iṣẹ́. Ẹ rí i pé ìfura mi kì í fìgbà gbogbo ríran.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó ga jù lára ohun tó kọ́ mi kì í ṣe ti ìka, ti ẹnu ni. Ilẹ̀ ni iṣẹ́ wa ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà nígbà náà. Wọ́n ti ń kọ́ iléèwé gíga sí ìtòsí wa, àwọn oníṣòwò ti ń ya lọ sí Alábà, ẹni tó bá sì ti rí towó ṣe ní ìgboro Èkó ń wá ibi tí yóò mọ odi yí ká. Àwọn àgbà ló ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì kàwé. Òfin wá sọ pé bí ẹni tí kò mọ̀wé bá fẹ́ tẹ̀ka sí ìwé, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí òǹkàwé sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ pé òun kà á, ó sì yé onítọ̀hún.

Ní àwọn ọ́fíìsì mìíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe èyí. Bàbá Akọ̀wé kì í ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí a bá dé ilé àgbà, yóò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Yóò wá ìjókòó tó kéré sí ti àgbà náà. Yóò ka ìwé, yóò túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ènìyàn ń sọ nínú ilé, kì í ṣe ti kọ́ọ̀tù. Bó bá kà á tán, yóò ká ìwé náà kò, yóò fi í sábẹ́ apá, yóò ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ padà fún mi."

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ tó gé igbó náà, yóò gba ti ìjà odò kan kọjá, yóò dárúkọ àwọn tó ti kú, kí ó tó dé orí ohun tí a kà. Bàbá Akọ̀wé kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àgbà bá gbàgbé ẹyọ kan, yóò tún ìwé ṣí, yóò tún un kà. Bí àgbà kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìwé náà pé, a ó dìde, a ó máa lọ sílé, ìka kò ní í kan ìnkì lọ́jọ́ náà. Lójú mi, ìfàkókòṣòfò ni. Oòrùn a máa wọ̀ bá wa ní ẹ̀yìn ilé onílé.

N kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí mo fi rí ìdí rẹ̀. Ìdílé kan láti ẹ̀gbẹ́ Ọ̀jọ́ sunkún wọ ọ́fíìsì wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá wọn ti tẹ̀ka sí ìwé kan ní ibòmíràn, ó rò pé òun fi ilẹ̀ ìdí ilé yáni ni. Àṣé títà ni, ilé wà nínú rẹ̀. Katapílà ti dé. Lọ́yà, Bàbá Akọ̀wé àti èmi gbéra. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ògiri ti wó lu yàrá tí wọ́n sin àwọn òkú wọn sí. Bàbá arúgbó náà jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ọwọ́ kó bíríkì.

Lọ́yà bi í bóyá wọ́n ka ìwé náà fún un. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá òǹkàwé fo ibì kankan. Bàbá ní rárá, ọmọlúwàbí ọmọkùnrin kan ni, Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán.

"Ó kà á, etí mi gbọ́ ọ," ni arúgbó náà wí. "Ọkàn mi ni kò tíì débẹ̀ tó fi ní kí n mú ọwọ́ wá."

Lọ́yà sa gbogbo ipá rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ìwé pé, ìka pé, orúkọ òǹkàwé wà nísàlẹ̀. Kò sí ohun tó rí ṣe sí i. Ẹ má sì rò pé òpùrọ́ ni òǹkàwé yẹn. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Láti ọjọ́ náà, n kò pè é ní ìfàkókòṣòfò mọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníná dé, ó ń dún wùùù bí ẹni ń sùn, bí iná bá lọ, òun náà a lọ, a ó sì padà sídìí ti àtijọ́. Ẹ̀rọ tó ń ya ẹ̀dà ìwé dé, kábọ́ọ̀nù ń kógbá sílé. Bàbá Akọ̀wé kò fẹ́ràn èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn tì, ó lọ ń gbé ní Ọ̀tọ̀-Àwórì, iṣẹ́ ìwé kíkà fún àwọn àgbà sì já lé mi lọ́wọ́.

Ọwọ́ méjèèjì ni àwọn àgbà Ìbà fi gbà mí. Ọmọ wọn ni mí. Wọ́n ti rí mi ní ìhòhò rí, nígbà tí mò ń wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi ìyá àgbà mi. Ẹni tó fẹ́ràn mi jù ni Bàbá Sùnmọ́nù, olórí ẹbí kan tó ní ilẹ̀ tó pọ̀. Ìyàwó ló máa ń pè mí. Bí mo bá wọ àgbàlá, á ní, "Ìyàwó mi tó sá lọ fẹ́ tákàdá, o padà wá lónìí." Gbogbo ilé a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kó sọ ìwé padà, ẹ̀rín tán. Á jókòó gbagidi, á ṣí fìlà, á sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Báyìí ni nǹkan rí nígbà tí iléeṣẹ́ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Mẹkáníìkì ẹ̀rọ ìhunṣọ ni, ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n àsìkò náà le, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. A ní ọmọ ní iléèwé. Owó oṣù mi nìkan ni gbogbo wa ń wò lójú.

Àárín àsìkò yìí ni ọkùnrin kan wá sí ọ́fíìsì, ó kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó sì dúró de ìgbà tí Lọ́yà jáde. Mánéjà ni ní iléeṣẹ́ kan tó ń ra ilẹ̀, tó ń gé e tà, lọ́nà Òkòkómáíkò. Aṣọ rẹ̀ ń ta sánsán. Ó ní àwọn ti gbọ́ nípa mi, àwọn ń fẹ́ kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Ó dárúkọ owó oṣù. Ó ju ìlọ́po méjì èyí tí mò ń gbà lọ, wọn yóò sì máa fi mọ́tò gbé mi.

Mo bi í pé irú iṣẹ́ wo ni. Ó ní, "Iṣẹ́ yín náà ni, Màdáámù. Kò sí èyí tó yàtọ̀."

Òru kọ́ ni mo fi rò ó, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti fura. Àwọn ọmọbìnrin tó ń tẹ̀wé pọ̀ ní Ọ̀jọ́, wọ́n kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ìka wọn yá ju tèmi lọ. Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Inú rẹ̀ dùn tó fi gbé rédíò tó ń tún ṣe sílẹ̀. Nígbà tí mo ní ọkàn mi kò balẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ìwọ ṣáà máa fura," ó wí. "Bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá kan ilẹ̀kùn, wàá ní kó fi káàdì hàn."

Mo ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ṣé ẹ rí ẹni tó ń san owó méjì fún iṣẹ́ kan rí?"

"Èmi ò rí i. Ṣùgbọ́n mo rí ẹni tó ń wá owó iléèwé ọmọ. Òun ló jókòó sí iwájú rẹ yìí."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó kò ṣe pàtàkì. Ẹni tí ebi kò pa ni í sọ bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún Lọ́yà náà, nítorí pé n kò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo rò pé yóò bínú, tàbí kó fi díẹ̀ kún owó mi. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó ní, "Ẹ lọ wò ó, Mísìsì. Èmi ò lè san iye yẹn, n kò sì ní í dí yín lọ́nà." Ó tún gbé gíláàsì wọ̀, ó padà sínú fáìlì rẹ̀. Ìyẹn tún dá ìfura mìíràn sílẹ̀. Bóyá òun ló ní kí wọ́n wá mú mi lọ. Bóyá mo ti sú u. Ènìyàn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura kì í mọ ibi tí yóò dúró.

Mo wá wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀tọ̀-Àwórì, lọ bá Bàbá Akọ̀wé. Mo bá a lábẹ́ òrùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí fún ìyàwó rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń wá àṣìṣe lára wọn. Mo jókòó, mo ń bá a bó o. Mo ro ẹjọ́ mi fún un.

"Ọkùnrin tó ń ta sánsán yẹn?" ó bèèrè. "Ó ti wá síbí kó tó wá bá ọ."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ mi. "Kí ni ẹ wí fún un, Bàbá?"

"Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ yín kò dùn yín."

"Ó ń dùn mí lọ́jọ́ náà."

Mo bi í pé ṣé kí n kọ̀ ọ́, bí òun náà ṣe kọ̀ ọ́. Ó mi orí. Ó ní òun ti jẹ oúnjẹ òun tán, òun kò lọ́mọ ní iléèwé mọ́, òun kò lè fi ẹsẹ̀ òun rìn fún mi. Ó ní òun kò sọ pé olè ni àwọn ènìyàn náà. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára, ó wá wò mí lójú.

"Bi wọ́n ní ohun kan ṣoṣo," ó wí. "Ta ni yóò dúró de àgbà?"

Mo ránṣẹ́ sí mánéjà pé kí n tó fi ibi tí mo wà sílẹ̀, mo fẹ́ bá wọn ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, kí n rí i bó ṣe rí. Inú rẹ̀ dùn. Lọ́jọ́ Sátidé, mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Nígbà tí a gba títì, mo bèèrè ibi tí à ń lọ.

"Ìbà ni," ni mánéjà wí. "Ọ̀dọ̀ Bàbá Sùnmọ́nù la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé mẹ́ta la fẹ́ yọjú sí kí ó tó di ọ̀sán."

Ilé mẹ́ta, kí ó tó di ọ̀sán. Bàbá Sùnmọ́nù nìkan, bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀, ọ̀sán kò lè tó o. Mo ṣàlàyé fún mánéjà bí a ṣe máa ń ṣe é, pé bí mo bá kà á tán, bàbá yóò sọ ọ́ padà. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú.

"Ìyẹn ti lọ́yà yín nìyẹn, Màdáámù. Tiwa ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà kà á gààràgà, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n fẹ́ rí."

"Èmi ni wọ́n fẹ́ rí?"

"Ọmọ wọn kọ́ ni yín? Bí wọ́n bá ti rí yín, ọkàn wọn á balẹ̀. Àwa ti lọ lẹ́ẹ̀mejì láìsí yín, wọn ò dá wa lóhùn."

Mo ń wo igi etí ọ̀nà. Iṣẹ́ mi tí ó ní kò yàtọ̀, mo wá mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ìka mi ni wọ́n fẹ́ san owó méjì lé lórí, kì í tilẹ̀ ṣe ìwé kíkà mi. Ìkòkò omi ìyá àgbà mi ni wọ́n fẹ́ rà, àti "ìyàwó mi" tí Bàbá Sùnmọ́nù ń pè mí. Síbẹ̀, mo tún ń bá ara mi wí. Mo ní bóyá ìfura mi ló tún ń pariwo. Ta ló sọ pé ìwé wọn kò dára?

A dé. Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà. Mánéjà wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì wọlé pẹ̀lú bàtà. Bàbá Sùnmọ́nù wà lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó rẹ́rìn-ín dé etí.

"Ìyàwó mi ni?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ilé."

"Ó dáa nígbà náà. Níbo ni kí n tẹ̀?"

Ó ti na àtàǹpàkò rẹ̀ síta. Ìwé ṣì wà nínú báàgì mánéjà. Ẹnikẹ́ni kò tíì ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àtàǹpàkò àgbà yẹn ti ń dúró ní òfurufú, ó gbẹ, ó là bí èèpo igi, kò gbọ̀n. Bàbá tó máa ń ṣí fìlà kó tó sọ ìwé padà. Nítorí pé èmi ni, ó rò pé kò sí ìwé tó yẹ kí òun gbọ́.

Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wa ti wí i, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo kúnlẹ̀, mo di ìka náà mú, mo ká a padà sínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má tíì mú un wá, Bàbá," mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n kà á, kí ẹ sì sọ ọ́ padà fún mi, bí a ṣe máa ń ṣe é."

Mánéjà fún mi ní ìwé. Ó nípọn, mo ní ká máa mú un ní ojú kọ̀ọ̀kan. Mo ka ojú àkọ́kọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, orúkọ ẹni tó ń tà, orúkọ ẹni tó ń rà, ibi tí ilẹ̀ náà wà. Mo ká a kò, mo fi sábẹ́ apá. Bàbá ṣí fìlà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀. Ó gba ti odò. Ó gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó lọ sí Sẹ́mẹ̀ tí kò padà. Mánéjà wo aago. Ó jáde, ó wọlé, ó tún wo aago. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi ààlà àkọ́kọ́ ni mánéjà rọra bẹ̀rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó na ọwọ́.

"Màdáámù, ẹ bá mi mú un wá. A ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn."

Mo fún un. Ó kí Bàbá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó kí mi náà, ó wọ mọ́tò rẹ̀, kò bi mí bóyá mò ń bọ̀. Wọn kò padà wá mọ́, ní ti Bàbá Sùnmọ́nù.

Bàbá gbọ́ ìró mọ́tò tó ń lọ. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ìwé burúkú ni?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí o fi dá ọwọ́ mi dúró?"

"Nítorí pé n kò mọ̀ ni."

Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní kí wọ́n bu ẹ̀bà fún mi.

Títí di òní, n kò mọ ohun tó wà ní ojú ìwé tó kù. Ó lè jẹ́ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ìyẹn ni ọkọ mi sọ nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, ó sì ṣòro fún un láti bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. N kò dá a lẹ́bi. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ìpinnu rere a máa mú ẹ̀rín wá sílé lójú ẹsẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe ọ̀kan rí.

Ohun tí ó gbà wá ni pé mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ògbólógbòó kan tí ọ́fíìsì ń tà dànù, mo gbé e sí iyàrá iwájú wa ní Òkòkómáíkò, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin àdúgbò bí mo bá tibi iṣẹ́ dé. Ọkọ mi ló kan bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń jókòó lé. Ẹ̀rọ náà máa ń kọṣẹ́, òun náà ló ń tú u, tó ń tún un ṣe. Láìpẹ́, àwọn ọ́fíìsì Ọ̀jọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá fún un. Kò fẹnu sọ pé mo jàre. Ó kàn kọ ọ́ sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà pé à ń tún ẹ̀rọ ṣe, à ń kọ́ni ní ìtẹ̀wé, ó sì fi tèmi ṣáájú.

Iléeṣẹ́ tọ̀hún rí òǹkàwé mìíràn. Odi wọn dé àwọn ibì kan ní Ìbà. Àwọn tó tà fún wọn, inú ẹlòmíràn dùn, ẹlòmíràn ń ṣe ẹjọ́. N kò mọ èwo ló pọ̀ jù, n kò sì ní í purọ́ fún yín. Bàbá Sùnmọ́nù ní tirẹ̀ kò tẹ̀ka sí ohunkóhun mọ́ láìsọ ọ́ padà, yálà èmi ni mo kà á tàbí ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ìwé ìpè ìsọmọlórúkọ ni wọ́n kà fún un lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n dúró, ó ṣí fìlà.

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 dé, Lọ́yà kó ọ́fíìsì lọ sí Ìkẹjà, ọ̀nà sì jìn. Ọjọ́ tí mo ń dágbére ni mo tó bi í bóyá òun ló rán mánéjà sí mi. Ẹnu yà á. Ó ní ẹ̀rù ló bà á lọ́jọ́ tí mo sọ fún un, pé n ó lọ, pé ojú fáìlì tí òun ń wò, òun kò rí ọ̀rọ̀ kan kà nínú rẹ̀. Mo wá fi gbogbo ara wọ iṣẹ́ olùkọ́, títí tí iléèwé ìṣòwò kan fi gbà mí, tí mo sì fẹ̀yìn tì níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà dé bá mi ní kíláàsì. Àṣìṣe tí à ń tìtorí rẹ̀ tún odindi ojú ìwé tẹ̀, ìka kan ń pa á rẹ́, kò ní àpá. Àwọn ọmọ yọ̀. Èmi ń wo ojú ìwé tí kò ní àpá yẹn, mo ń fura sí i.

Fúnmi wà lára àwọn tí mo kọ́. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, awakọ̀ ni. Ọ́fíìsì lọ́yà ní Ọ̀jọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó wá bá mi, ọ̀sán gangan, ó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́. Ó ní iléeṣẹ́ kan ń pe òun, owó wọn ju ti lọ́yà lọ dáadáa. Ìyá òun ní kí òun máa lọ. Ọ̀gá òun kò sọ nǹkan kan. Ó ti to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ nínú orí bí mo ṣe kọ́ wọn.

"Tíṣà, kí ni kí n ṣe?"

Mo fẹ́ sọ fún un. Gbogbo ìfura mi ti dìde dúró, wọ́n ti to ìlà bí ọmọ iléèwé. Ṣùgbọ́n owó yẹn lè jẹ́ owó rere, iṣẹ́ yẹn sì lè jẹ́ iṣẹ́ rere, èmi kò bá wọn wọ mọ́tò.

"Fúnmi," mo wí, "iṣẹ́ tí wọ́n ní kí o wá ṣe, wọ́n sọ ọ́ fún ọ, àbí?"

"Wọ́n sọ ọ́, mà."

"Sọ ọ́ padà fún mi. Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ wéréwéré. Ó sọ ibi tí ọ́fíìsì náà wà. Ó sọ iye tí wọn yóò san. Ó sọ ìgbà tí òun yóò máa dé, àti ẹni tí òun yóò máa jẹ́ iṣẹ́ fún. Nígbà tó wá kan ohun tí òun yóò máa ṣe gan-an, ẹnu rẹ̀ falẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́.

N kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo sì dúró dè é.